Ta Ló Ń Mú Kí Ara Wú?

Bí ọmọdé bá tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, tí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ itan rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá kókó kan níbẹ̀, tó le, tó sì ń dùn ún. Ẹsẹ̀ ló gbọgbẹ́, abẹ́ itan ló wú. Àwọn ìyá àgbà mọ èyí dáadáa: bí ọmọ bá ní kókó abẹ́ itan ń dun òun, àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé ta ló wú kókó náà. Ṣé ìdọ̀tí orí ìṣó ló rìn gòkè, tó lọ kóra jọ síbẹ̀? Àbí ara ọmọ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é?

Lọ́dún 1924, kókó abẹ́ itan di ohun ìbẹ̀rù ní erékùṣù Èkó. Àrùn eku ló wọ̀lú. Àrùn yìí kan náà ló ṣọṣẹ́ ní Hong Kong ní 1894, níbi tí Alexandre Yersin ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á. Ọkọ̀ ojú omi gbé e káàkiri ayé. Ó dé Accra ní 1908, ó dé Dakar ní 1914, Èkó tó jẹ́ èbúté ńlá kò sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara eku ni kòkòrò náà ń gbé, eégbọn tó ń fò kiri nínú irun eku ló sì ń kó o ràn. Bí eku bá kú, tí òkú rẹ̀ tutù, eégbọn á fi í sílẹ̀, á wá ẹ̀jẹ̀ mìíràn mu, ẹsẹ̀ ènìyàn ló sì sábà máa ń bá nítòsí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ibà líle á dé, orí á máa fọ́, kókó ńlá á sì yọ lábẹ́ itan. Bó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí orí ni eégbọn ti gé onítọ̀hún jẹ, abíyá tàbí ọrùn ni kókó ń yọ sí. Kò tíì sí oògùn tó lè pa kòkòrò náà nínú ara nígbà yẹn. Streptomycin, tó wá kápá rẹ̀ dáadáa, 1943 ni wọ́n tó rí i.

Ohun pàtàkì tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n gbógun ti eku. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole wà lára àwọn tó ru ẹrù náà. Ó wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ King's College, ní ẹ̀bá Oníkàn, lọ́dún 1909. Ó gboyè ìṣègùn ní Glasgow ní 1918. Òun náà sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di olórí elétò ìlera ìlú Èkó. Ó tún iṣẹ́ àwọn wolé-wolé tò, ó sì mú ètò ìlera èbúté le sí i. Ìgbà ayé rẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń sáré da omi tó ti pẹ́ nínú ìkòkò nù bí wọ́n bá gbúròó wolé-wolé lójúde. Síbẹ̀, nǹkan bí 1930 ni àjàkálẹ̀ náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ló bí Lagos Executive Development Board ní 1928, àjọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti tún àwọn àdúgbò tó há gádígádí ṣe, Oko Awo sì wà lára ibi tí wọ́n wó. Bóyá nítorí eku nìkan ni wọ́n ṣe wólé onílé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú orí yìí. Kókó abẹ́ itan ni tiwa.

Kí a tó lè mọ ẹni tó wú u, a ní láti mọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbé inú ara wa. Lọ́dún 1882, onímọ̀ nípa ẹranko kan láti Rọ́ṣíà, Élie Metchnikoff, ń gbé ní Messina, ìlú etíkun kan ní erékùṣù Sicily. Ẹran òkun tín-ínrín kan ló ń wò lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Bí ẹran náà bá dàgbà, á rí bí ìràwọ̀ alápá márùn-ún, ṣùgbọ́n ní kékeré, ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé inú rẹ̀ hàn síta. Metchnikoff rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ó rò ó pé bí àwọn wọ̀nyí bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́, tí òun bá ki ẹ̀gún bọ ẹran náà lára, wọ́n á lọ bá ẹ̀gún. Ó já ẹ̀gún nínú ọgbà ilé, ó ki ẹ̀gún náà bọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti yí ẹ̀gún náà ká bámúbámú.

Àwọn onímọ̀ ìgbà náà kò tètè gbà fún un. Wọ́n ti ń rí kòkòrò nínú irú àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èrò wọn ni pé ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì ń gbé kòkòrò rìn, tó ń bá a tan ara rẹ̀ ká. Metchnikoff ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Òun ló borí. Ní 1908, òun àti Paul Ehrlich ará Jámánì jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì da ọ̀rọ̀ àwọn alátakò rẹ̀ nù.

Oríṣi méjì ni Metchnikoff pín àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sí, ńlá àti kékeré. Nínú ìwé yìí, agbémì ńlá àti agbémì kékeré ni mo ń pè wọ́n, torí pé gbígbé nǹkan mì ni iṣẹ́ wọn. Agbémì ńlá ni àwọn dókítà ń pè ní macrophage, òun ni orí yìí dá lé. Ńlá tí a ń wí náà kò ju ohun tí àádọ́ta rẹ̀, bí a bá tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kò ní gùn ju mìlímítà kan lọ. Bí ó bá kan kòkòrò, ara rẹ̀ á nà síwájú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á yí kòkòrò náà ká, etí méjèèjì á pàdé, kòkòrò á wá há sínú àpò kan nínú agbémì. Àpò mìíràn tó kún fún omi kíkan àti àwọn èròjà tó ń tú nǹkan palẹ̀ á wá já wọnú àpò yìí. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń kú sí. Agbémì á wá mú díẹ̀ nínú àfọ́kù rẹ̀, á gbé e sí òde ara rẹ̀, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn lè wò ó.

Kò sí ẹ̀yà ara tí agbémì ńlá kò sí. Bí agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe rí ni: àwọn kan wà tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọn kò mọ ibòmíràn, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìnáwó tàbí ọjọ́ ìjà ni ẹ óò rí wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn onílé ti wọ inú ẹ̀dọ̀, ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀fóró láti ìgbà tí ọmọ ti wà nínú oyún, wọ́n sì ń bí ara wọn níbẹ̀. Inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn àlejò ti ń wá. Wọ́n ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri, ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú ẹran ara ni wọ́n ń di agbémì ńlá.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé onílé, kì í jagun. Ìtọ́jú ilé ló ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, lẹ́yìn náà á gbó. Agbémì tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ní abẹ́ ìhà òsì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sẹ́, ló ń gbé àwọn tó gbó mì, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Wọ́n ń yọ irin inú wọn, wọ́n ń dá a padà fún mùdùnmúdùn egungun láti fi ṣe tuntun. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ohun tí a bá fi imú fà wọlé ni wọ́n ń kó. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti dánfó ní Ìdúmọ̀tà kò ṣeé tú palẹ̀ nínú àpò omi kíkan, nítorí náà agbémì tó bá gbé e mì kàn ń gbé e dání ni. Bó bá kú, òmíràn á gbé e. Ìdí nìyí tí ẹ̀dọ̀fóró àwọn ará ìlú ńlá fi ń ní tóótòòtó dúdú, kódà lára ẹni tí kò mu sìgá rí.

Wàyí o, ìṣó ti wọ ẹsẹ̀. Ó kó kòkòrò àìfojúrí wọlé, ó sì fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ara. Onílé tó wà nítòsí mọ nǹkan méjèèjì. Ara òde kòkòrò ní àwọn èròjà kan tí kò sí lára sẹ́ẹ̀lì ènìyàn rárá, agbémì sì ní ohun tó fi ń dá wọn mọ̀. Ohun tó bá tú jáde nínú sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ náà ń sọ fún un pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kòkòrò mì, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó ń ṣe. Ó ń tú àwọn èròjà kan sílẹ̀ tí mo ń pè ní èròjà akéde. Púpọ̀ ni wọ́n, mẹ́ta tó lókìkí jù sì ń jẹ́ TNF, IL-1 àti IL-6.

Ohun tí akéde ń wí fún ibì kan yàtọ̀ sí ohun tó ń wí fún ibòmíràn. Ó ní kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké fẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ya dé, ojú ibẹ̀ pọ́n, ó gbóná. Ó ní kí ògiri iṣan náà dẹ̀: omi inú ẹ̀jẹ̀ jò sínú ẹran, ibẹ̀ wú. Omi náà àti àwọn èròjà inú rẹ̀ ń ni iṣan ìmọ̀lára lára, ó di ìrora. Pípọ́n, gbígbóná, wíwú, dídùn: Celsus ará Róòmù ti ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Àpapọ̀ wọn ni mo ń pè ní ìwúlé. Ẹ sì kíyè sí i pé ọwọ́ ara wa ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń wá.

Ara ògiri tó dẹ̀ yìí ni agbémì kékeré ń gbà jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi ń dé, wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Wọ́n á gbé kòkòrò mì, wọ́n á da oró sílẹ̀, wọ́n á kú. Ọyún tí a ń tẹ̀ jáde lójú eéwo, òkú wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àlejò agbémì ńlá ń wọlé.

Akéde tó bá bá ẹ̀jẹ̀ lọ ń dé ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti ń díwọ̀n ìgbóná ara, ọpọlọ á gbé ìwọ̀n náà sókè. Ibà dé nìyẹn. Oúnjẹ kò wu aláìsàn mọ́, oorun ń kùn ún, iṣẹ́ akéde kan náà ni. Paracetamol tí a ń lò sí i kì í pa kòkòrò kankan. Ńṣe ló ń dí èròjà tí ọpọlọ fi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ akéde, ara á tutù, kòkòrò á sì wà níbi tó wà. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn oògùn méjì, tó wá rò pé àìsàn ti lọ, kò mọ ohun tí oògùn náà ṣe.

Kókó ńkọ́? Omi tó jò sínú ẹran kò lè dúró síbẹ̀. Àwọn iṣan mìíràn wà tí kò gbé ẹ̀jẹ̀, tí omi-ara ń gbà. Láti ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè, abẹ́ itan ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba inú àwọn kókó omi-ara, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tóbi ju ẹ̀wà lọ lọ́jọ́ tí ara bá dá. Agbémì ńlá tò sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń sẹ́ omi náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń ru àfọ́kù kòkòrò wá láti ojú egbò, wọ́n ń fi í han àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó kún inú kókó, tí mo ń pè ní onírántí. Lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún onírántí, díẹ̀ ni àfọ́kù náà bá mu. Àwọn tó bá mu yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, àwọn tó fẹ́ kọjá lọ kò sì ní rí ọ̀nà jáde fún ìgbà díẹ̀. Bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i nínú kókó, bẹ́ẹ̀ ló ń tóbi. Ara ló ń wú kókó. Kòkòrò lè má tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Bí ogun bá parí, òkú agbémì kékeré ni agbémì ńlá ń jẹ. Jíjẹ òkú yìí gan-an ló ń yí i padà. Agbémì tó bá ti gbé wọn mì kì í kéde ogun mọ́. Ó ń tú èròjà tó ń pẹ̀tù sí ìwúlé sílẹ̀, ó ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun awọ. Èmi kò rí ohun tó yani lẹ́nu tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì tó dá ìjà sílẹ̀ náà ló ń parí rẹ̀. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ìyípadà yìí kì í sábà wáyé bó ṣe yẹ. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ kí agbémì dúró sí ẹnu ogun, egbò ẹsẹ̀ á máa pọ́n, á máa ṣomi, kò ní pa ojú dé. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń ha ẹran òkú kúrò lójú irú egbò bẹ́ẹ̀, tó sì ń lé ṣúgà wálẹ̀ kí ó tó retí pé kí awọ hù.

Kí ló wá yàtọ̀ nínú kókó ọdún 1924? Kòkòrò àrùn eku, tí wọ́n fi orúkọ Yersin sọ, Yersinia pestis, mọ ibi tí òun wà nípa ìgbóná. Ara eégbọn kò gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ. Níbẹ̀, kòkòrò náà kò wọ ẹ̀wù ogun kankan. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹsẹ̀ ènìyàn, agbémì kékeré ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bọ́ sọ́wọ́ agbémì ńlá, agbémì ńlá á sì gbé wọn mì bó ti ń ṣe. Àpò á pa dé. Kòkòrò kò sì ní kú. Ó ń dí àpò náà lọ́wọ́ kí ó má kan, ó sì ń bí sí i nínú ilé ẹni tó fẹ́ pa á.

Ara ènìyàn wà ní ìwọ̀n 37. Ìgbóná yìí ló ń jí ohun mìíràn nínú kòkòrò náà. Ó wọ ẹ̀wù kan tó ń yọ̀, tí apá agbémì kò lè dì mú, ó sì yọ abẹ́rẹ́ tín-ínrín sí ara òde rẹ̀. Nígbà tí agbémì àkọ́kọ́ bá bẹ́, kòkòrò tó ń jáde kì í ṣe irú èyí tó wọlé. Agbémì tó bá fara kàn án, á fi abẹ́rẹ́ gún un, á fa oró sí i lára. Oró náà ń mú kí apá agbémì rọ, ó sì ń pa akéde mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdí nìyí tí ẹni tí eégbọn gé jẹ fi lè wà fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, tí kò mọ ohun kan. Kòkòrò ti ń pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwúlé, torí àwọn tó yẹ kí wọ́n kéde kò lè sọ̀rọ̀.

Omi-ara gbé e dé abẹ́ itan. Inú kókó ni ó ti ń pọ̀ débi pé ẹran ibẹ̀ ń jẹrà, ìgbà náà ni gbogbo akéde á wá ké lẹ́ẹ̀kan náà. Kókó wú tó ẹyin adìyẹ, a kò lè fọwọ́ kàn án, ibà gòkè. Bí kòkòrò bá ti ibẹ̀ ya wọ ẹ̀jẹ̀, àwọn agbémì inú ẹ̀dọ̀ àti ti abẹ́ ìhà á ké, iṣan ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara á fẹ̀, ògiri wọn á dẹ̀ pọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Ohun tó ń gba ẹsẹ̀ là lójú egbò kékeré, bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń pani. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a kò bá tọ́jú àrùn eku oníkókó, ó ń pa láti 30 dé 60 nínú 100. Bí ó bá dé ẹ̀dọ̀fóró, tí aláìsàn ń wúkọ́ tú u jáde, kò nílò eégbọn mọ́ kí ó tó ràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn alátakò Metchnikoff rèé o. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ń gbé kòkòrò rìn. Nínú àrùn eku, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Metchnikoff náà ni ẹni tó wá ààbò sí i ti jáde: Waldemar Haffkine, tó ti jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ rẹ̀, ló ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn eku ní Bombay ní 1897 láti ara kòkòrò tí wọ́n ti fi ooru pa, ara òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ dán an wò sí. Abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n gún fún àwọn ará Accra ní 1908.

Ọgbọ́n gbígbé inú agbémì yìí, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń dá a ní ọ̀nà tirẹ̀. Kòkòrò rẹ̀, tí Robert Koch ará Jámánì kéde ní 1882, kì í yára. Agbémì inú ẹ̀dọ̀fóró á gbé e mì, kòkòrò á sì dènà kí àpò omi kíkan má já wọnú àpò tirẹ̀. Agbémì tí kò lè pa á yóò ké sí àwọn yòókù. Wọ́n á pé lé e lórí, wọ́n á so mọ́ ara wọn, wọ́n á di ògiri. Kókó ìhámọ́ ni mo ń pè é. Kòkòrò wà nínú rẹ̀ láàyè, kò lè jáde, a kò sì lè pa á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn ayé ni kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ̀ lára báyìí, ṣùgbọ́n márùn-ún sí mẹ́wàá péré nínú 100 wọn ni yóò ṣàìsàn rẹ̀ láyé wọn. TNF, ọ̀kan nínú àwọn akéde wa àtijọ́, ló ń jẹ́ kí ògiri náà dúró. Abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn bíi Island Maternity, ìbátan kòkòrò yìí tí a ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Ojú àpá tó kù lápá ọmọ ni ibi tí àwọn agbémì ti kọ́kọ́ bá a jà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, a tún rí ewu akéde: pápá ìṣeré Oníkàn, tí wọ́n ti sọ ọ́ di Mobolaji Johnson Arena, kò gba bọ́ọ̀lù mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti GTBank gbé bẹ́ẹ̀dì 110 síbẹ̀, ó di ibùdó ìyàsọ́tọ̀ fún àwọn tó kó kòrónà. Ohun tó ń rú àwọn dókítà lójú jákèjádò ayé nígbà náà ni pé àìsàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí kòkòrò pọ̀ lára wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì, tí kòkòrò ti ń dín kù, ni èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Nígbà tí wọ́n wo inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí àìsàn wọn le jù, agbémì ńlá ni wọ́n bá níbẹ̀ rẹpẹtẹ, àlejò ló pọ̀ jù, wọ́n sì ń tú akéde sílẹ̀ láìdákẹ́. IL-6 ga lọ́nà tó ń bani lẹ́rù nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, tó yẹ kó gbẹ, kún fún omi tó jò láti ara ògiri tó dẹ̀. Ọ́síjìn kò rí ọ̀nà kọjá.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RECOVERY, tí Yunifásítì Oxford darí, fi hàn pé dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú tó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ń dín ikú kù. Nínú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, ó dín in kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú àwọn tó ń gba ọ́síjìn láìsí ẹ̀rọ, ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn tí wọn kò nílò ọ́síjìn rárá kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Bí a bá ti mọ agbémì, èyí kò ṣòro láti yé wa. Dexa kì í pa kòkòrò. Akéde ló ń pa lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ìwúlé fẹ́ pa, ó gbà á là. Ẹni tí agbémì rẹ̀ ṣì ń bá kòkòrò jà, tó ń borí, kí ló fẹ́ kí wọ́n pa lẹ́nu mọ́?

Mo ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn nítorí pé a ń lo dexa ní ìlòkulò ní Èkó. Àwọn kan ń rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, tí wọ́n ń lò ó lóṣooṣù kí wọ́n lè sanra, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè kún. Ẹ rántí kókó ìhámọ́ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí a bá ń pa akéde lẹ́nu mọ́ lóṣù dé oṣù, ògiri náà lè dẹ̀, kòkòrò tó ti wà ní ìhámọ́ fún ogún ọdún á sì jáde. Ohun kan náà ni wọ́n rí lára àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tó ń dí TNF nítorí oríkèé ríro: ikọ́ ẹ̀gbẹ jí lára àwọn kan. Ní báyìí, dókítà ń yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Ẹni tó bá sì ti ń lo dexa tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìbá dókítà sọ̀rọ̀, torí ara rẹ̀ ti lè gbàgbé bí a ṣe ń ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìwúlé kan tún wà tí kì í pọ́n, tí kì í gbóná, tí a kò lè fọwọ́ kàn. Inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló ń wà. Ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú ògiri yìí díẹ̀díẹ̀, agbémì sì ń lọ kó o bó ṣe ń kó gbogbo ìdọ̀tí. Ó gbé e mì, ó tún gbé e mì, títí inú rẹ̀ fi kún fún ọ̀rá wíìwíì bí ìfófòó ọṣẹ. Kò lè lọ mọ́. Ó ń kéde, àwọn mìíràn ń dé, wọ́n ń jẹ, àwọn náà ń kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, òkìtì ọ̀rá àti òkú agbémì ló wà lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú iṣan náà. Ọjọ́ tí awọ yìí bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, iṣan á dí. Bó bá jẹ́ iṣan ọkàn, ikọlù ọkàn ni. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni.

Ní 2017, àwọn olùwádìí gbé èsì ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní CANTOS jáde. Àwọn tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 10,000, gbogbo wọn ti ní ikọlù ọkàn rí, ìwúlé sì ṣì ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ canakinumab, tó ń pa akéde kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú ẹbí IL-1, lẹ́nu mọ́. Kò fọwọ́ kan ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn rárá. Síbẹ̀, àpapọ̀ iye ikọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó ti ara ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wá dín kù ní nǹkan bí 15 nínú 100 lára àwọn tó gba ìwọ̀n tó bá a mu jù. Lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà, iye àwọn tí àrùn kòkòrò pa ju ti àwọn tí kò gbà á lọ, àpapọ̀ iye tó kú ní ìhà méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.